Àṣìṣe tí àwọn yunifásítì wa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ igbó àti ohun abẹ̀mí inú rẹ̀

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ báyìí, fóònù mi kì í sinmi. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ̀rún igi la fẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa lò ó. Ọ̀gá àgbà yunifásítì fúnra wọn ló ń bọ̀ wá gbìn ín." Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tọ́ ọmọ igi tà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Owó wọn ni mo ń jẹ, àmọ́ ó ń dùn mí bí mo bá padà débẹ̀ lóṣù Ṣẹẹrẹ, tí mo bá ọ̀rá dúdú mi nílẹ̀, tí ọmọ igi ti gbẹ sínú rẹ̀.

Èkíní. Wọ́n ń ka iye igi tí wọ́n gbìn, wọn kì í ka iye tó yè. Ẹni tí kò bá ní owó ẹni tí yóò máa pọnmi sí i fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, kó má gbin ohunkóhun.

Èkejì. Wọ́n ń gbin tíìkì àti gmẹ̀línà, wọ́n sì ń pè é ní igbó. Oko pákó nìyẹn. Láti Éṣíà ni méjèèjì ti wá. Bí pákó lẹ fẹ́, kò burú, ẹ gbìn ín, àmọ́ ẹ má sọ pé ẹ ń dáàbò bo ẹyẹ àti ẹranko.

Ẹ̀kẹta ni ìrókò, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, nítorí òun ló ń bí mi nínú jù. Ilé-ẹ̀kọ́ kan gbọ́ pé ìrókò ń tán lọ, wọ́n ní kí n kó irinwó wá. Wọ́n gbìn ín sójú oòrùn gangan, ní ìlà-ìlà bí ẹni gbin àgbàdo. Mo kìlọ̀, àmọ́ mo gbowó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bi fi kàn mí. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí gbogbo ọ̀mùnú fi wú ní kókó-kókó. Kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma ló ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú ìrókò. Ọmọ rẹ̀ á wọnú ewé, ibẹ̀ á lé kókó. Bí kókó bá ti là, ẹ̀ka á jẹrà, igi á kú láti òkè wá sílẹ̀. Bí ìrókò bá sì ti pọ̀ lójú kan, àsè la sè fún kòkòrò náà yẹn. Nígbà tí ọdún yípo, mọ́kànlá ló kù nínú irinwó.

Nínú igbó, ìrókò kì í tò bí ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín àwọn igi mìíràn bí afàrà, arère àti igi ọmọ. Bí mo ṣe ń gbìn ín nísinsìnyí nìyẹn, méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ ìbòòji àyìnrè, kí kòkòrò má tètè rí wọn.

Ta ló wá ń gbìn ín nínú igbó? Àdán ni. Ó ń jẹ èso rẹ̀ lóru, ó sì ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ dà sí ọ̀nà jíjìn. Ọgbà yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí àdán wọ̀nyí ti ń wọ́ jọ sórí igi. Àmọ́ mo ti rí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó gé gbogbo igi tí àdán ń sùn sí, torí pé ìgbẹ́ wọn ń kán sórí mọ́tò àwọn olùkọ́. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n pè mí fún ìrókò. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ yé kan ìṣó mọ́ igi nítorí pátákó ìdìbò akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ má fi símẹ́ǹtì dí ìdí igi.

Èyí tó ń náni lówó jù ni pé wọ́n á fi katakátá wó igbó tó wà lẹ́yìn ilé akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní igbó lásán ni, wọ́n á wá fowó ra ọmọ igi. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Nígbà tí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, gba ilẹ̀ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1967, oko àti abúlé ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, igbó sì dìde fúnra rẹ̀, ó tó hẹ́kítà 350. Ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, Ibadan malimbe, ń gbé inú rẹ̀. Kò sí i níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ẹ tún rántí igi orín àtà tí àwọn ìyá wa ń rún. Ní 1971 ni àwọn onímọ̀ yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ oní-fòníkú-fọ̀ládìde tó ti tẹ̀ bí dòjé padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè wà níbi tí katakátá ń lọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ka ohun tó wà lórí ilẹ̀ yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ewé tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Ewé tí wọ́n ti kó pamọ́ síbẹ̀ lé ní 100,000. Iṣẹ́ àṣekágbá gidi nìyẹn.

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ pè mí lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ mú mi rìn yí ilẹ̀ yín ká kí ẹ tó béèrè iye igi. Mi ò ní gbowó ìrìn yẹn.