Ìwé tí mo yàn fún ilé àbúrò mi, àti ẹ̀dà jìbìtì tó jẹ mí lówó

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó tí mo fi fi ìwé ránṣẹ́ sí Manchester ju owó tí mo fi ra àwọn ìwé náà lọ. Nígbà tí ẹrù sì débẹ̀, èyí tí wọ́n ń retí jù lọ nínú rẹ̀ kò ṣe é kà. Kì í ṣe pé èdè rẹ̀ le, ojú ìwé ni kò pé. Ẹni tó tà á fún mi ní Dùgbẹ̀ mọ ohun tó ń tà, ó sì ń wò mí lójú bí ó ṣe ń ka owó mi.

Àbúrò mi obìnrin ló bẹ̀ mí níṣẹ́ náà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé Yorùbá tí àwọn ará ilé mi máa kà tán o, kì í ṣe èyí tí wọ́n á kàn gbé kalẹ̀." Ọmọkùnrin rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju ìtàn iwin, ẹbọra àti idán. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wọ yunifásítì, ìtàn ìfẹ́ ni tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í ka ohun tí kò bá ṣẹlẹ̀ rí, ó ní òun kò ráyè àròsọ.

Yíyan ìwé kò gbà mí lákòókò, mo sì lè fi ìyẹn yangàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi Aláwíyé kọ́ wa ni mo ti ń ka ìwé Yorùbá. Bí ẹnì kan bá sọ irú ìtàn tó ń wù ú fún mi, mo mọ ibi tí màá nawọ́ sí.

Ti ọmọkùnrin yẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni, èyí tí D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1938. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi Igbó Olódùmarè tàbí Ìrèké Oníbùdó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn tó jáde ní 1949. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ọmọdé. Ògbójú Ọdẹ kì í fi àkókò ẹni ṣòfò. Àkàrà-oògùn wọ igbó, kò pẹ́ kò jìnnà, Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún yọ sí i, ìjà dé. Nígbà tó bá yá, àwọn ọdẹ akọni kó ara wọn jọ, wọ́n kọrí sí Òkè Lańgbòdó, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: Kàkò pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ́dòye pẹ̀lú ọgbọ́n orí rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀. Ọmọ tó bá ti wo gbogbo fíìmù idán tí àwọn òyìnbó ṣe yó rí i pé ilé wa náà ni irú rẹ̀ wà, tó sì ti wà tipẹ́.

Ó Le Kú ni mo mú fún ọmọbìnrin. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ó jáde ní 1974. Àjàní ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kó mú ìyàwó wálé, ọmọbìnrin mẹ́ta sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. N kò ní sọ bó ṣe parí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ yunifásítì ni pé ìfẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọba àti olorì. Ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, pẹ̀lú lẹ́tà, ìbẹ̀wò, owú, àti òbí tó ń ti ọmọ lẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má tíì wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ìwé náà ṣe ní 1997. Fíìmù yẹn dára, òun ló tún jẹ́ kí ìró péńpé àti bùbá di ohun tí gbogbo obìnrin ń rán nígbà náà tí wọ́n ń pè é ní olekú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó, ojú àwọn òṣèré ló máa wà lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi máa kàwé náà tán, kò ní ráyè fojú inú wo Àjàní tirẹ̀.

Ìwé yẹn kò fún mi ní wàhálà kankan. University Press tó ń tẹ̀ ẹ́ wà ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn níbí. Mo lọ, mo rà, mo kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ti Dùgbẹ̀, níbi tí mo ti ra Ògbójú Ọdẹ.

Nígbà tí ẹrù dé, ọmọkùnrin náà kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pè mí lórí WhatsApp. "Ẹ káalẹ́ mà, Mọ́mì Ìbàdàn. Ìtàn yìí ti padà sẹ́yìn." Mo ní báwo? Ó ní òun ka ojú ìwé 32 tán, òun ṣí i, òun tún bá ojú ìwé 17. Mo ní kó máa ṣí i lọ. Ó ṣí i títí ó fi tún dé 32. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 49.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kì í tẹ ìwé ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá ni wọ́n máa ń tẹ ọ̀pọ̀ ojú ìwé sí, wọ́n á ká a, wọ́n á gé e, á di ìdì kan tó lè ní ojú ìwé 16. Ìdì wọ̀nyẹn ni wọ́n ń tò léra kí wọ́n tó lẹ ẹ̀yìn wọn pọ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé gidi, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìdì wò kí èèpo tó wọ̀ ọ́. Nínú ihò tí àwọn oníjìbìtì ti ń tẹ ìwé olówìwé, ta ló máa yẹ ìdì wò? Wọ́n ki ìdì kejì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fo ìdì kẹta, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa.

Mo yẹ ìwé náà wò kí n tó sanwó o. Mo ṣí i níwájú, mo ṣí i lẹ́yìn. Èèpo rẹ̀ ń dán, àwòrán ara rẹ̀ mọ́ kedere. Bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn nìyẹn: ibi tí ojú oníbàárà máa kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń tún ṣe.

Mo ní kí ọmọ náà ya fọ́tò àwọn ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà tí mo rí wọn ni inú tún bí mi sí i. Ìwé àtijọ́ kan ni wọ́n ya ní fọ́tò, fọ́tò yẹn ni wọ́n wá fi tẹ tiwọn. Lẹ́tà ti wú, ó ti wọ́ bí ìgbà tí omi ta sórí yíǹkì, àmì abẹ́ lẹ́tà sì ti pa rẹ́ níbi púpọ̀. Èmi lè kà á, nítorí pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí ojú mi tó débẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ló máa fi mọ̀ bóyá o ni àbí ọ?

Mo gba Dùgbẹ̀ lọ pẹ̀lú fọ́tò yẹn nínú fóònù mi. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ sẹ́ pé òun kọ́ ló tà á. Ó ní, "Mọ́mì, fọ́tò lẹ mú wá, ẹ ò mú ìwé wá." Mo ní ìwé wà ní ìlú òyìnbó. Ó ní kí n lọ mú un wá nígbà náà. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣí òmíràn nínú èyí tó tò sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ bò wọ́n. Mo fa ọ̀kan yọ. Ojú ìwé 32, lẹ́yìn rẹ̀ 17. Mo fa èyí tó tẹ̀ lé e yọ, bákan náà ni. Àwọn tó ń ra ìwé ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń wò, ẹnì kan sì dá ìwé tirẹ̀ padà sórí tábìlì. Ọlọ́jà náà wá yí ohùn padà, ó ní òun náà rà á ni, pé ẹni tó kó o fún òun kò ní gbà á padà, pé ọjà tí òun bá ti tà kì í bọ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, kọ́bọ̀ kò padà sọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ju owó lọ. Láti 1963 ni Fágúnwà ti kú, kò lè dìde jà fún iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó to àwọn gbólóhùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ń gé àárín ìwé rẹ̀ dànù, wọ́n ń tà á fún ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ kà á. Bí ọmọ bá wá pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé, wọ́n á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ka Yorùbá. Èyí tí mo rí yìí fẹ́ kà á. Ó kà á títí dé ibi tí wọ́n ti já a.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Mọ́kọ́lá, ló kó mi yọ. Ẹ̀dà tirẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó pé, lẹ́tà rẹ̀ sì hàn. Mo kà á lójú wọn ní ojú ìwé sí ojú ìwé, Bàbá kò sì bínú, wọ́n ní bó ṣe yẹ kéèyàn ra ìwé nìyẹn. Mo fún ẹni tó ń lọ láti ìjọ wa, ó gbé e sínú àpótí rẹ̀, n kò sanwó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá ní ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹ fi ìwé rán an. Ìwé wúwo, ìwọ̀n ni àwọn tó ń gbé ẹrù sì fi ń gba owó.

Ẹ̀dà àtijọ́ ní tirẹ̀ ní ohun kan tó yẹ kí ẹ sọ fún ọmọ ṣáájú. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, 1974 ló fìdí múlẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ń kọ "nwọn", "aiye" àti "enia". Ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ ayélujára kọ́ Yorùbá yóò rò pé àṣìṣe ni. Mo kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mélòó kan sínú bébà kékeré kan, mo ki í bọ inú ìwé náà. Mo sì ka orí àkọ́kọ́ sókè, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí WhatsApp, mo fi ránṣẹ́. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni màá mú. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, etí ló máa ń kọ́kọ́ gbà á kí ojú tó lè bá a. Ọmọ náà ń gbọ́ mi, ó ń fi ojú tọ ìwé lẹ́yìn mi, nígbà tó di orí kejì ó ní kí n má ṣe wàhálà mọ́. Fún ẹni tí Yorùbá rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ti túmọ̀ ìwé yìí sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968. Ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ti ọkọ àbúrò mi ni ó mú mi ronú jù, nítorí pé ìwé tó ń pe ara rẹ̀ ní ìtàn ìgbésí ayé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́. Àpẹẹrẹ ni ti Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Láti 1929 ni I. B. Thomas ti ń tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà obìnrin aláìsàn nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, àwọn tó ń kà á gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Àròsọ ni. Ìwé ńlá ni, ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì ń pè é, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e fún ọkùnrin yìí, tó bá mọ̀ lẹ́yìn náà, kò ní gba ìwé lọ́wọ́ mi mọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, mo sì fi ìyẹn wá ìwé fún un. Aké tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ̀dà tèmi ni mo fún un. Bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe dìde lòdì sí owó orí wà nínú rẹ̀, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn. Mo fi lẹ́tà Àjàyí Crowther kún un, èyí tó kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821. Gẹ̀ẹ́sì ni, kò gùn. Ó sọ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, tí ẹṣin náà kò sì wu ẹni tó gbà á, wọ́n bá dá a padà. Ní 1846, ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin yẹn tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì ti di àlùfáà. Àbúrò mi ní ọkọ òun ka lẹ́tà náà sókè fún wọn nídìí oúnjẹ.

Ọmọbìnrin ti ka tirẹ̀ tán, ó ń bínú sí Àjàní, ó ní kí n wá ṣàlàyé. A ṣì ń bá àríyànjiyàn yẹn lọ. Ọmọkùnrin ní Igbó Olódùmarè ló kù. Mo ti rí i rà, níbòmíràn o. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì olówìwé, mo ṣí i láti ojú ìwé kìíní dé ìparí, kò fo ọ̀kankan. Ó wà nílé lọ́dọ̀ mi báyìí, ẹni tó ń lọ sí Manchester ni mo ń wá.