Bí mo ṣe ya máàpù ilẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wa ní Àkúrẹ́

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ya máàpù náà, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán Sentinel-2 tí sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù ń yà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ̀dà ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà nìkan ni ẹgbẹ́ onílé wa sanwó fún, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì san án, bẹ́ẹ̀ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà ń di ilẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo ará ìlú ni. Ó dùn mí púpọ̀.

Ẹ̀bá Odò Alà ni ilẹ̀ náà wà. A fẹ́ fi han ìjọba ìbílẹ̀ ibi tó yẹ fún pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, ibi tó yẹ fún ilé ìwòsàn, àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí nítorí omíyalé. Bí a ṣe ń fa ìlà òpópónà ńlá àti agbègbè tí ilé pọ̀ sí sórí àwòrán kò le rárá.

Ìgbà tí mo tẹ àwọn nọ́ńbà tí ìwé sọ́fè fi tọ́ka sí ibi tí igun ilẹ̀ náà wà sínú kọ̀ǹpútà ni wàhálà dé. Ilẹ̀ náà sún sí apá gúúsù àti ìlà-oòrùn ju 100 mítà lọ, apá kan rẹ̀ sì bọ́ sínú odò. Mo padà sí ọ́fíìsì tí a ti gba ìwé náà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní kí a san owó ẹ̀dà mìíràn. A san án, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tún tẹ̀ fún wa, kò sì sí ẹni tó sọ ìlànà ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ náà.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sọ́féyọ̀ ló wo ìwé náà fínnífínní, tó sì wí pé, “Ọmọ mi, ìwọ̀n Minna nìyí. Ìwọ̀n GPS ni kọ̀ǹpútà rẹ fi ń kà á.” Minna ni ìlànà ìwọ̀n tí àwọn sọ́féyọ̀ Nàìjíríà ti ń lò tipẹ́; àwòṣe ayé tí wọ́n ń pè ní Clarke 1880 ni ó dúró lé. WGS84, ìlànà ìwọ̀n gbogbo àgbáyé, sì ni GPS ń lò. Nínú QGIS, mo yí EPSG, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìlànà ìwọ̀n mọ̀, láti 32631 (ti WGS84) padà sí 26331 (ti Minna), ilẹ̀ náà sì bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo mú fóònù dání lọ síbi òpó ààlà kan tí koríko ti bò. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sórí kọnkéré rẹ̀ bá ti inú ìwé mu, àmì tó wà lórí fóònù mi náà sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, nítorí máàpù wa ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá Minna ni tàbí WGS84 kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀dà náà pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀.