Owó Tí Ẹ Ń Fi Ṣòfò Lẹ́nu Ọ̀nà Westminster: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Gẹdú

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ́nù, onígẹdú sì ni ọkọ mi; pákó ni ó ń kó wọlé láti òkè òkun. Nítorí náà, ó ṣòro kí a jẹun alẹ́ nílé wa láìfi òfin ìjọba ṣe ẹran. Bí èmi bá ráhùn tán lórí físà, òun náà á gbé ẹjọ́ ìwé tí wọ́n ń béèrè lórí pákó kalẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ẹjọ́ àwa méjèèjì ń gbà dé Westminster, níbi tí Ilé Aṣòfin wà, èyí ni ó sì fà á tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn onígẹdú fi sọ mí di akọ̀wé tí ń bá wọn wá ojú àwọn aṣòfin. N kì í gba kọ́bọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn kì í fi í gbà mí gbọ́.

Ní oṣù tí ó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti san ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn fún ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù, tí ó sọ fún wọn pé òun mọ ẹni tí ó mọ ẹnìkan nínú Ilé Aṣòfin. Ohun tí wọ́n rí gbà ni fọ́tò kan níwájú Big Ben àti ìwé ẹ̀bẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ Ilé náà kọ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ti wà lórí ìkànnì tẹ́lẹ̀. Mo bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, inú bí mi débi pé oorun kò kùn mí. Ìbínú náà ni ẹ ń kà yìí.

Àṣìṣe kìíní, nígbà náà, ni kí a máa sanwó fún ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́tà sí aṣòfin, ọ̀fẹ́ ni. Fífi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tí ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ orí ìkànnì Ilé Aṣòfin kò béèrè ju ẹni tí ó dá a sílẹ̀ àti ènìyàn márùn-ún tí yóò tì í lẹ́yìn lọ. Ní ti ìbéèrè oníkíkọ sí mínísítà, aṣòfin nìkan ni ó lè fi í sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè tà á fún yín. Ní ọdún 1994, ariwo ńlá sọ ní Westminster nítorí àwọn aṣòfin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń gba owó kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè, ìtìjú náà kò sì tíì tán lára Ilé náà títí di òní. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn tí ó ń yún yín lọ́wọ́, ẹ fi sanwó ọkọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti iṣẹ́ òru dé, kí wọ́n lè lọ jókòó níwájú aṣòfin wọn ní ọjọ́ tí ó bá ń gba àlejò.

Èkejì ni kíkọ̀wé sí aṣòfin tí kì í ṣe tiyín. Àwọn aṣòfin 650 ni wọ́n wà ní House of Commons, ilé kejì sí ti àwọn Lọ́ọ̀dù, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní àdúgbò tirẹ̀; lẹ́tà tí kò bá ní àdírẹ́sì àti kóòdù àdúgbò yín nínú, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni yóò sùn.

Ẹ̀kẹta ni kíkan ilẹ̀kùn ilé tí kì í ṣe ti onílé. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Home Office, ni ó ni físà. Ilé iṣẹ́ ìlera ni ó ni iye nọ́ọ̀sì àti ẹ̀kọ́ wọn ní England. NMC, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàbójútó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó sì ni ìforúkọsílẹ̀, kò sì sí lábẹ́ àṣẹ mínísítà kankan. Ẹ̀kọ́ yìí jẹ mí níyà kí n tó kọ́ ọ. Nígbà tí NMC kéde ní ọdún 2023 pé èrú wà nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní ibùdó kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì ní kí àwọn tí wọ́n ṣe é níbẹ̀ lọ tún un ṣe, mo jókòó mo kọ ìbéèrè gígùn kan tí mo fẹ́ kí aṣòfin wa fi kan mínísítà ìlera lójú. Ìlà méjì ni ìdáhùn tí ó dé: pé NMC dá dúró, kí a lọ bá wọn. Mo ti fi òru mẹ́ta kọ ọ́.

Ẹ tún rántí pé Westminster nìkan kọ́ ni Ilé Aṣòfin ní ìlú Ọba. Wales ti ní òfin lórí iye nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́dọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù láti ọdún 2016; Scotland ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024; England kò ní irú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní Glasgow tí ó ń bi Westminster léèrè nípa iye ènìyàn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ ń fi ẹjọ́ Ìjẹ̀bú sun ọba Ondó. Ní ti gẹdú, Defra, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó àyíká àti oúnjẹ, ni ó ni òfin, OPSS, ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣọ́ ọjà títà, ni ó ń lọ yẹ àwọn oníṣòwò wò, Ireland ti Àríwá sì ṣì wà lábẹ́ òfin gẹdú ti Europe. Àwọn oníṣòwò kan tún máa ń da òfin gẹdú pọ̀ mọ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti igi tí ó wà nínú ewu. Láti ìpàdé CITES tí ó wáyé ní Panama ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni apá àti ọ̀gánwó ti Áfíríkà ti wọ ìwé àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ tà kọjá ẹnu ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Pákó tí ó bá sì ní ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́, òfin gẹdú gbà pé ó bófin mu. Ẹni tí kò mọ èyí yóò bi mínísítà ní ohun tí òfin ti dáhùn, wọn yóò sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ kà á sí òpè.

Ẹ̀kẹrin ni ó ń pa mí lára jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi níbẹ̀: ìbéèrè tí kò ní egungun.

Ẹgbẹ́ kan yóò ṣe ìpàdé wákàtí mẹ́ta, wọn yóò jẹ ìrẹsì, wọn yóò sì fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: "Kí ni ìjọba ń ṣe láti ran àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n wá láti Nàìjíríà lọ́wọ́?" Ẹ wò ó bí ẹni pé ẹ̀yin ni òṣìṣẹ́ tí yóò kọ ìdáhùn fún mínísítà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ ó ní ìjọba mọ rírì wọn, ẹ ó ka ètò méjì tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì lọ mu tíì. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè dì mú. Ìbéèrè tí ó béèrè gbogbo nǹkan ti fún mínísítà láṣẹ láti mú èyí tí ó wù ú.

Òmíràn tí ó tún wọ́pọ̀ ni: "Kí ló dé tí ìjọba ń kó àwọn nọ́ọ̀sì wa nígbà tí Nàìjíríà wà lórí ìwé pupa?" Inú àwọn ènìyàn máa ń dùn sí ìbéèrè yìí nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n tilẹ̀ máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwé pupa ni orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ní kí a má lọ kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn, ṣùgbọ́n ìlànà tí ó gbé kalẹ̀ kò sọ pé kí nọ́ọ̀sì má wá. Ohun tí ó sọ ni pé kí ilé ìwòsàn tàbí aṣojú tí ń bá wọn wá òṣìṣẹ́ má lọ máa fa àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti ibẹ̀. Ẹni tí ó bá dá kọ̀wé wáṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò rú òfin kankan. Nítorí náà, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó béèrè: a kì í fà wọ́n, àwọn ni wọ́n ń wá. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣí ilẹ̀kùn fún mínísítà láti jáde.

Bí a bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà, ibi tí ìlànà náà ti ní eyín ni a ó ti bù ú. NHS Employers, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ni ó ń tọ́jú orúkọ àwọn aṣojú tí wọ́n gbà láti tẹ̀lé ìlànà náà. Ẹ wá béèrè báyìí: láti ọdún 2023, ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀sùn mélòó ni ó dé pé aṣojú kan lọ fa òṣìṣẹ́ jáde láti orílẹ̀-èdè tí ó wà lórí ìwé pupa, mélòó ni wọ́n wádìí, aṣojú mélòó ni wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò? Òṣìṣẹ́ yẹn kò ní lè lọ mu tíì. Ó gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà, tàbí kí ó sọ ní gbangba pé ìjọba kò ní in lọ́wọ́, èyí tí ó jẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni ti gẹdú rí. "Kí ni ìjọba ń ṣe nípa gẹdú tí kò bófin mu?" yóò bí ìpínrọ̀ kan tí ó dùn ún kà nípa ìgbó àti àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé gẹdú sí ọjà wádìí ibi tí igi náà ti wá, ó sì ní kí ẹni tí ó rà á tà tọ́jú orúkọ ẹni tí ó tà á fún un àti oníṣòwò tí ó tà á fún, fún ọdún márùn-ún. Ohun tí a lè kà nìyẹn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 tí òfin Bírítéènì ti rọ́pò ti Europe, oníṣòwò mélòó ni OPSS bẹ̀ wò lọ́dọọdún, ìwé ìkìlọ̀ mélòó ni ó jáde, ẹjọ́ mélòó ni ó dé kóòtù? Ọkọ mi kò fẹ́ kí n béèrè eléyìí rárá, nítorí pé ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò wá yẹ òun wò. Mo béèrè rẹ̀.

Ẹ má sì béèrè ju agbára lọ. Bí yóò bá ná ilé iṣẹ́ ìjọba ju £850 lọ láti wá ìdáhùn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n ka gbogbo pákó tí ó wọlé láti 1990, ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀sílẹ̀ ni ó ń tọrọ. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wá a lórí ìkànnì Ilé Aṣòfin, nítorí pé gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Èmi tí mò ń pariwo yìí ti fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ rí pẹ̀lú ìgbéraga púpọ̀. Ọmọbìnrin kékeré tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣòfin fi ìlà kan dá mi lóhùn, ó sì so ó mọ́ ìdáhùn tí mínísítà ti fún ìbéèrè kan náà gan-an ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

N kò rántí iye tí mo ti kà mọ́, ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ lọ.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìdìbò. Bí ó bá pé 10,000, ìjọba yóò fèsì. Bí ó bá pé 100,000, wọn yóò gbé e yẹ̀ wò bóyá kí wọ́n jíròrò lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ní Òṣogbo kò lè fọwọ́ sí i, àfi bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì.

Ẹ má fi orúkọ aláìsàn sínú ẹ̀rí tí ẹ ń kọ sí ìgbìmọ̀.

Ẹ má sì dúró títí omi yóò fi dà sílẹ̀. Àyípadà sí òfin ìwọ̀lú máa ń wà níwájú Ilé fún ogójì ọjọ́, Ilé sì lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè tún un kọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìdílé àwọn olùtọ́jú arúgbó tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà dúró sílé. Lẹ́tà mọ́kàndínlógún ni mo gbà lórí rẹ̀ lọ́dún náà. Méjì péré ni ó dé kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, mo ní ìbéèrè mẹ́jọ lórí gẹdú tí ó ti ṣe tán, aṣòfin wa sì ti gbà láti fi wọ́n sílẹ̀. Mo dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé èdè inú wọn kò tíì dùn tó. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 22, Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, dúró sínú òjò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Downing Street, ó sì kéde ìdìbò sí ọjọ́ 4 oṣù Keje. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ti tú Ilé ká: ìbéèrè tí wọn kò tíì dáhùn kú, àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ padé, àwọn ìgbìmọ̀ túká. Aṣòfin náà kò tilẹ̀ padà wá. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo òjò tí ń rọ̀ sí kóòtù Sunak lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Èdè náà ti wá dùn tó báyìí?"

Èyí tí ó kù ni kí a gba ìdáhùn àkọ́kọ́ kí a sì lọ sùn. "Láìpẹ́" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn mínísítà fẹ́ràn jù: ìwádìí náà yóò jáde láìpẹ́, ìlànà tuntun yóò jáde láìpẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí aṣòfin yín padà lọ béèrè oṣù tí "láìpẹ́" náà bọ́ sí. Mo ti jẹ́ kí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mẹta rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ẹ̀ẹ̀kẹta ni oṣù tó jáde lẹ́nu wọn. Kàlẹ́ńdà tí ó wà lára fìríìjì wa ní ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi bírò pupa yí po ní oṣù yìí, méjì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì, ọ̀kan jẹ́ ti gẹdú. Ọkọ mi ti fi bírò dúdú kọ ọ́ sí abẹ́ tirẹ̀ pé ó kéré.