Abẹ́rẹ́ flu àti ti Covid kí ẹ tó wọ ọkọ̀ cruise: ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé mọ́mì tàbí dádì yín lọ sórí ọkọ̀ cruise, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n fi ń najú, fún ọjọ́ ìbí 70, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ lọ najú láti èbúté Southampton, ẹ kú ìmúra o. Mo mọ̀ pé ẹ ti san owó kábìn, ẹ ti ń wá aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń múra dáadáa, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ńkọ́? Òun lọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí nígbà tó bá ku ọjọ́ mélòó kan, nígbà yẹn ó ti pẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tó bá jẹ́ Ìlú Ọba lẹ̀ ń gbé, pàápàá England, torí Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn tó lè yàtọ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú kàlẹ́ńdà. Ẹ wo ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra, kẹ́ ẹ wá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gba abẹ́rẹ́ tán. Ìdí ni pé abẹ́rẹ́ flu kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún un, ó máa ń tó ọjọ́ 14 kí ara tó kó agbára rẹ̀ jọ dáadáa, ti Covid náà sì máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kéré jù nìyẹn, mo ní kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé e torí pé wọ́n lè yí ọjọ́ àpọ́íńmẹ́ǹtì yín padà, ibà gidi sì lè mú yín lọ́jọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ lọ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sinmi kẹ́ ẹ padà wá, yàtọ̀ sí ìyẹn apá lè máa ro yín fún ọjọ́ kan sí méjì, ẹ ò ní fẹ́ kó bọ́ sọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbé báàgì wúwo. Tó bá jẹ́ 15 November lọkọ̀ yín máa ṣí, ẹ ti gbà á tán kí 25 October tó kọjá. Ohun míì tẹ́ ẹ máa kà ni abẹ́rẹ́ Covid tẹ́ ẹ gbà gbẹ̀yìn: ó yẹ kó ti tó oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gba òmíràn.

Àwọn kan á ní, ṣebí flu lásán ni, ọ̀fìnkìn. Rárá o. Flu ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, inú ọkọ̀ sì ni ibi tó ti máa ń rọrùn fún un jù láti tàn ká, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló jọ ń jẹun níbì kan náà, tí wọ́n jọ ń wọ líìfùtì, tí wọ́n jọ ń jókòó wo eré lálẹ́. Nígbà tí òtútù bá mú ní Ìlú Ọba ni flu máa ń jà níhìn-ín, ní Australia ó máa ń jà láti bí April sí September, ní ilẹ̀ olóoru ó lè jà nígbàkígbà, tí gbogbo wọn bá wá pàdé nínú ọkọ̀ kan, kò sí àsìkò tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí flu. Nígbà ooru 1998, flu jà láàárín àwọn arìnrìn-àjò tó lọ sí Alaska ní Amẹ́ríkà àti Yukon ní Canada, àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wà nínú wọn. Ti Covid, gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ cruise Diamond Princess ní Yokohama, lórílẹ̀-èdè Japan, ní February 2020: nínú èèyàn 3,711 tó wà nínú ọkọ̀ náà, 712 ló kó o. Abẹ́rẹ́ ò tíì sí nígbà yẹn, ó ti wà báyìí.

Ó wá kan ta ló máa rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ti flu, NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, máa ń fún ẹni tó bá ti pé 65 sókè, aboyún, ọ̀pọ̀ ọmọdé, àti ẹni tó ní àìsàn tó ti pẹ́ lára, bíi ṣúgà, àìsàn ọkàn, kídìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, asíma tó gba pé kéèyàn máa lo ìnhélà stẹ́róìdì, àti ẹni tí BMI rẹ̀ (bí èèyàn ṣe wúwo tó sí gígùn rẹ̀) ti tó 40. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ wà nínú àwọn tó tọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má gbowó lọ́wọ́ yín fún nǹkan tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ care náà, ì báà jẹ́ ilé àwọn arúgbó lẹ wà o, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé, ó tọ́ sí yín, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n BP nìkan, tí kò tíì kan ọkàn, kì í sábà wà lára ẹ̀.

Ti Covid le jùyẹn lọ. Láti ìparí 2025, àwọn tó ti pé 75 sókè, àwọn tó ń gbé nílé àwọn arúgbó, àti àwọn tí ara wọn ò lágbára láti bá àrùn jà mọ́, bí ẹni tó ń gba kímò fún jẹjẹrẹ tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kídìnrín fún, àwọn nìkan ni NHS ń fún lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà kan 65 ni. Nítorí náà mọ́mì yín tí wọ́n pé 70 tára wọn le koko lè gba ti flu lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n má rí ti Covid gbà, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Pé èèyàn fẹ́ lọ sí cruise kì í sì í ṣe ìdí tí NHS fi máa fúnni.

Tí kò bá tọ́ sí yín, ẹ lọ fowó gbà á ní fàámásì. Ti flu máa ń jẹ́ bíi £20 sí £25, ti Covid ló wọ́n, láti April 2024 làwọn fàámásì bíi Boots ti ń tà á, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £100. Ṣé kẹ́ ẹ rà á? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ti lé ní 65, tàbí tó ní ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, kó rà á, owó yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kábìn. Ọ̀dọ́ tára rẹ̀ dá ṣáṣá tó ti gbà á rí, kó bá fàámásísìtì sọ̀rọ̀ kó tó náwó. Àmọ́ ti flu, mi ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó máa bá àgbàlagbà sùn nínú kábìn kan náà gbà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ búùkù, ẹ lè lo NHS App, ẹ lè lọ sí website NHS, ẹ sì lè pe GP yín (dókítà àdúgbò tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀) tàbí fàámásì àdúgbò. Àwọn òbí tí ò mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, kí wọ́n pe 119, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè wá ògbufọ̀ fún wọn tí Gẹ̀ẹ́sì bá nira. Láti 1 October ni ti flu máa ń ṣí fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ti aboyún àti ti ọmọdé máa ń yá díẹ̀ sí i, láti September.

Lọ́jọ́ náà, ẹ wọ aṣọ tápá rẹ̀ ṣeé ká sókè. Ẹ lè gba méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kò léwu. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún wọn, pàápàá warfarin àti oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àgbo náà ẹ má fi pa mọ́, tí abẹ́rẹ́ kan bá sì ti mú kí ojú tàbí ọ̀fun yín wú rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fà á sínú sírínjì. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹyin, kó sọ, abẹ́rẹ́ flu tí wọn ò fi ẹyin ṣe wà. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ jókòó fún bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ti Covid, ẹ jókòó. Tí orí bá ń fọ́ yín tí ara sì gbóná díẹ̀, paracetamol àti ìsinmi ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ní abẹ́rẹ́ flu ló ń fún èèyàn ní flu, ẹ má tẹ̀ lé e. Kòkòrò inú èyí tí wọ́n ń gún lápá ti kú, kò lè fún yín ní flu. Ọdọọdún sì lẹ gbọ́dọ̀ gbà á, torí kòkòrò náà ń yí padà, ní February gbogbo ọdún ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, máa ń yan èyí tí wọ́n máa fi ṣe abẹ́rẹ́ fún apá ọ̀dọ̀ tiwa lágbàáyé.

Ti àwọn ọmọdé, imú ni wọ́n máa ń fín in sí. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, jẹ́látìn tó wà nínú ẹ̀, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, tẹ́ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ ní kí wọ́n fún ọmọ yín ní ti apá tí kò ní in, wọ́n máa ṣe é.

Ẹ̀yin tọ́kọ̀ yín máa lọ ní June sí August, tiyín ló ṣòro jù, torí abẹ́rẹ́ flu máa ń wọ́n bí ojú nígbà yẹn, èyí tẹ́ ẹ gbà ní October sì ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tètè lọ bá àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ò béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ Covid mọ́, síbẹ̀ ẹ ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, torí èbúté tẹ́ ẹ máa dé lè ní òfin tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà á ní fàámásì, ẹ gba ìwé tó ní ọjọ́ àti nọ́ńbà abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ Caribbean lẹ̀ ń lọ, tẹ́ ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, ẹ wá yellow card yín jáde, torí àwọn erékùṣù kan máa béèrè rẹ̀. Tẹ́ ò bá ní, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni káàdì tó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wà fún gbogbo ọjọ́ ayé yín. Aboyún náà ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba ẹni tó ti wọ ọ̀sẹ̀ 24.

Ìnṣọ́ránsì wá ńkọ́? Káàdì GHIC, èyí tí ará Ìlú Ọba fi ń gba ìtọ́jú ní ilẹ̀ Yúróòpù, ò bo ìtọ́jú inú ọkọ̀ cruise, dókítà ọkọ̀ sì wọ́n gan, wọ́n á kàn kọ owó náà mọ́ kábìn yín lọ́rùn. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ cruise, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo àìsàn àwọn òbí yín síbẹ̀, torí èyí tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ ni wọ́n máa fi kọ̀ láti sanwó.

Ẹ kó ohun èlò àyẹ̀wò Covid sínú báàgì pẹ̀lú paracetamol. Tí ibà àti ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ pé ẹ máa ràn án mọ́ra, torí oògùn flu máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín wákàtí 48, ti Covid láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, torí norovirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì kò ní abẹ́rẹ́, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ kò sì rí i pa dáadáa.

Tára yín ò bá yá láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí ní èbúté wọ́n máa fún yín ní fọ́ọ̀mù pé ṣé ẹ ní ibà, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru, òótọ́ sì lẹ gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀.