Bí a ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà ìwòran inú ilé tutù láìpariwo

Nígbà tí oòrùn oṣù kẹta bá mú ní Ìlọrin, kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kì í pẹ́ gbóná, fáànù rẹ̀ a sì máa pariwo débi pé a kò ní gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ gbé e sí. Àpótí kọ̀ǹpútà tí ẹ tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara kan ògiri, yóò máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde padà sínú, kò sì sí fáànù tí ó lè borí ìyẹn.

Fáànù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 120 tàbí 140 ń gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ bí ó tilẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ti 80 gbọ́dọ̀ sáré kí ó tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà, eré yẹn gan-an ni ó sì ń fa ariwo. Bí àyè bá gbà á, ẹ lo ńlá méjì, kí ọ̀kan máa fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, kí èkejì máa tì í jáde lẹ́yìn.

Nínú BIOS, ìyẹn ojú ìṣètò tí a máa ń wọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ẹ ṣètò rẹ̀ kí fáànù máa rọra yí títí ooru CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 ti Celsius, kí ó tó máa yára díẹ̀díẹ̀. Èmi kò fara mọ́ àtò tí ń mú un sáré lójijì, nítorí ariwo tí ń lọ tí ń bọ̀ a máa dani láàmú ju èyí tí ó dúró sójú kan lọ.

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà déédéé. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà ná, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú kí ó má baà yí.