Bí a ṣe lè ya ìjà ojú ogun sọ́tọ̀ lára ogun nínú ìtàn Kétu

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Kétu, ìlú Yorùbá wa tó wà ní Benin lónìí, fún ọmọ rẹ̀ kò ní í rìn jìnnà kí ọ̀rọ̀ tó há a lẹ́nu, nítorí pé "ogun" ni àwọn àgbà wa ń pe ìjà ọjọ́ kan, "ogun" náà ni wọ́n sì ń pe wàhálà tó lé ní ogójì ọdún. Bí a kò bá là á yé ọmọ náà, yóò rò pé òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni gbogbo ogun Dàhọ̀mì, ìjọba àwọn Fọ̀n tó ń kó ẹrú nílẹ̀ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ tó sì parí.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi àti ọjọ́. Ìjà ojú ogun ní ibi tí a lè nawọ́ sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1851, ẹ̀bá odi ìlú ni wọ́n ti jà, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n tún sá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ohun tó fa ìjà tán nígbà tí ìbọn dákẹ́. Èyí gan-an ni mo kà sí pàtàkì jù. Àìrí Abẹ́òkúta kó kò ní kí ọba Dàhọ̀mì má wá ẹrú mọ́. Glele tó jọba ní 1858 kọlu Kétu wa ní 1883, ó tún padà wá dó tì í, ìlú sì fọ́ ní 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wọ́n ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ní 1864 sọ òótọ́ nípa ìjà, ṣùgbọ́n ó ṣi ogun sọ. Ìgbà tí àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, tí Béhanzin, ọba tó jẹ lẹ́yìn Glele, sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894, ni ogun yẹn tó tán fún wa, ọdún 1894 yẹn náà sì ni a tún Kétu tẹ̀ dó.

Ìsàgatì, ìyẹn dídó ti ìlú, lè da ọ̀rọ̀ rú, nítorí pé ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ní tèmi, ìjà kan ṣoṣo ni mo kà á sí, bó ti wù kó pẹ́ tó, nítorí pé ìlú kan náà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹ dúró ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi Kétu, kí ẹ wo bí ògiri amọ̀ náà ti nípọn tó, kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà ti ìta àti ti inú, pẹ̀lú àgbàlá tó wà láàárín wọn, níbi tí ọ̀tá tó bá ré àkọ́kọ́ kọjá yóò ti há. Yóò yé yín ìdí tí ẹni tó dó ti irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi máa ń fi ebi jà ju ìbọn lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ogun Jálumi ti 1878 ń jẹ́ ogun, bẹ́ẹ̀ ìjà kan ni, ní Ìkirun, nínú ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun náà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ibùdó wọn ká títí di 1893. Ọdún tí ibùdó tú ni kí ẹ kọ sílẹ̀ pé ogun parí.