Bí a ṣe ń fi téèpù aránṣọ àti kọ̀ǹpútà mọ ìwọ̀n ọ̀rá ara

Òṣùwọ̀n kì í ya iṣan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá. Ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù ní Mọdákẹ́kẹ́ àti ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ lè jọ wọn kílò 80, kí ọ̀rá ara wọn má sì jọra rárá. Ohun tí mo ń lò fún àwọn tí mo ń bá ṣe eré ìdárayá n'Ífẹ̀ níbí ni ìṣirò tí àwọn olùwádìí ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1984. Téèpù àti fóònù ló fẹ́.

Téèpù aránṣọ ti tó. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ lé orí rúlà, torí èyí tó ti gbó máa ń nà. Ẹ fi ẹsẹ̀ lásán dúró ti ògiri, kí ẹ wọn gíga yín. Ẹ wọn ọrùn nísàlẹ̀ gògóńgò.

Ikùn ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ọkùnrin á wọn ibi tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń jókòó sí, nísàlẹ̀ ikùn, tàbí kí ó dá iye tí télọ̀ kọ sílẹ̀ fún ṣòkòtò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Iye télọ̀ kò wúlò níbí: ó ti fi àyè sílẹ̀ kí aṣọ má baà fún un. Orí ìdodo gan-an ni téèpù ọkùnrin gbọ́dọ̀ gbà. Ti obìnrin, ibi tí ìbàdí ti tín-ín-rín jù ni, kí ó sì tún wọn ìdí níbi tó ti fẹ̀ jù.

Ẹ bọ́ aṣọ kúrò níbẹ̀. Ẹ má fa ikùn sínú. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti rí téèpù ni wọ́n ń fà á, láìmọ̀ pàápàá. Ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ kà á kí ẹ tó mí sínú padà. Kí téèpù kan ara, kó má wọ ara. Kí ẹlòmíì wo ẹ̀yìn yín bóyá ó tẹ́jú, torí ibẹ̀ ló ti ń yọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń wọ̀n ọ́n, máa wá mú èyí tó wà láàárín.

Nínú Google Sheets, áàpù tábìlì ìṣirò, ẹ fi gíga sí àpótí A2, ọrùn sí B2, ikùn (ìbàdí fún obìnrin) sí C2, ìdí obìnrin sí D2. Ẹ wá kọ ìlà tó bá yín mu nínú méjì yìí sínú àpótí mìíràn.

Ọkùnrin:
=495/(1.0324-0.19077*LOG10(C2-B2)+0.15456*LOG10(A2))-450

Obìnrin:
=495/(1.29579-0.35004*LOG10(C2+D2-B2)+0.221*LOG10(A2))-450

Sẹ̀ǹtímítà ni o, kì í ṣe íńṣì tí àwọn télọ̀ ń kà! Ọkùnrin tó ga ní 170, tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 38, ikùn 90, yóò rí nǹkan bí 21.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá kọ ọ́ ní íńṣì, 15 ni yóò rí, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ fún un pé ó ṣì í. Bó bá sì fa ikùn títí ó fi di 87, yóò bọ́ sí 19.3.

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lo ìṣirò yìí. Àwọn yòókù, àárọ̀ Sátidé kí ẹ tó jẹun, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ọwọ́ ẹnì kan náà, téèpù kan náà.